Ta Ni Ó Ń Jókòó sí Ìgbìmọ̀ Odò? Ìtàn Àjọ Bandama ní Bouaké, 1969 sí 1980

Ní ọdún 1969, ìjọba Côte d'Ivoire dá àjọ kan sílẹ̀, ó sì fi ìlú Bouaké ṣe ibùjókòó rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lédè Faransé ni Autorité pour l'Aménagement de la Vallée du Bandama, èyí tí gbogbo ènìyàn gé kúrú sí AVB. Ó yẹ kí olùkàwé dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú nínú orúkọ náà. Ìjọba ì bá pè é ní ẹgbẹ́, tàbí ìgbìmọ̀, tàbí àjùmọ̀ṣe àwọn ará etí odò. Àṣẹ ni ó pè é. Àṣẹ náà sì jókòó sí Bouaké fún nǹkan bí ọdún 11, títí ìjọba kan náà fi tú u ká ní 1980. Láàárín àkókò yẹn, odò kan di adágún, àwọn ènìyàn tó tó kún ìlú ńlá kúrò nílé bàbá wọn, ìbéèrè kan sì dìde tí kò tíì kúrò nílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di òní: nígbà tí wọ́n bá ń pète lórí odò, ta ni ọmọ ẹgbẹ́, ta sì ni ẹni tí wọ́n kàn ń pète lé lórí?

Odò Bandama ni ó gùn jù nínú àwọn odò Côte d'Ivoire. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 800 kìlómítà. Àríwá ni orísun rẹ̀ wà, Grand-Lahou ní etí òkun ni ó sì parí sí, kò sì kọjá ààlà orílẹ̀-èdè náà níbì kankan. Odò Marahoué ń wọ inú rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, N'Zi láti ìlà-oòrùn. Àárín Bandama àti N'Zi yìí ni Bouaké dúró sí, ìlú ọjà tí ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé ní 1912, tó sì di ìlú kejì ní títóbi ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn Baoulé ni onílẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ara wọn pẹ̀lú, ẹ̀bá odò ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin Abla Pokou ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá kúrò nílẹ̀ Àṣáńtì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n dé etí odò Comoé, omi kún dé bèbè, ọ̀tá sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Odò béèrè ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ wọn. Pokou fi ọmọ rẹ̀ rúbọ, ọ̀nà là, wọ́n sì kọjá. Inú ẹkún rẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ Baoulé, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí pé ọmọ ti kú. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìrúbọ fi máa ń wọ etí àwọn ará ibẹ̀ nígbà tí olóṣèlú bá sọ ọ́.

Olóṣèlú tó wà nípò nígbà náà kì í sì í ṣe àjèjì. Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́, ọmọ Baoulé ni, Yamoussoukro sì ni ìlú rẹ̀. Kossou, ibi tí wọ́n ti pinnu láti kọ́ ìsédò tí àwọn ará ìlú ń pè ní dáàmù, kò jìnnà sí ìlú náà. Ohun méjì ni ìjọba rẹ̀ fẹ́ fi òkò kan pa. Abidjan ń dàgbà, ó ń fẹ́ iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọrọ̀ kòkó àti kọfí ti kó sí igbó gúúsù, tí ilẹ̀ ọ̀dàn tó wà láàárín orílẹ̀-èdè ń ṣófo bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ síbi tí owó wà. Èrò ìjọba ni pé ìsédò yóò mú iná wá fún Abidjan, àjọ tí wọ́n bá sì dá sílẹ̀ ní Bouaké yóò sọ àfonífojì Bandama di ilẹ̀ tuntun.

Ìgbà náà tún jẹ́ ìgbà tí ìsédò ńlá jẹ́ àmì pé orílẹ̀-èdè ti dàgbà. Ghana ti parí Akosombo ní 1965, Nàìjíríà parí Kainji ní 1968. Ilé-iṣẹ́ Impregilo láti Ítálì ló kọ́ méjèèjì, òun náà ni wọ́n pè sí Kossou. Kaiser ti Amẹ́ríkà tó ṣètò iṣẹ́ ẹ̀rọ Akosombo ló sì ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. (Kò yẹ kí a gbàgbé pé ní 1957 ni Houphouët àti Kwame Nkrumah ti bá ara wọn ta pé kí wọ́n wo orílẹ̀-èdè tí yóò lọ síwájú jù lẹ́yìn ọdún 10. Wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 1966, ṣùgbọ́n ìsédò rẹ̀ ṣì dúró, ó sì ń tan iná.) Gbogbo wọn ló sì ń wo àwòkọ́ṣe kan náà ní òkè òkun: àjọ àfonífojì Tennessee ní Amẹ́ríkà, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt dá sílẹ̀ ní 1933.

Àwòkọ́ṣe yẹn gba kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣáájú àti ọmọ ẹgbẹ́ ti kọ́kọ́ dìjà. Ènìyàn mẹ́ta péré ni òfin fi ṣe olùdarí àjọ Tennessee. Mẹ́ta yìí kò gbọ́ ara wọn yé. Alága wọn, Arthur Morgan, àti David Lilienthal bá ara wọn jà títí Roosevelt fi yọ alága náà ní 1938. Lilienthal tó borí wá di ajíhìnrere fún èrò kan tó gba ayé kan: pé àjọ odò lè jẹ́ ti àwọn ará ìsàlẹ̀, pé àgbẹ̀ àti oníṣòwò tó wà létí odò ni yóò máa bá ìjọba pète. Ní 1949 ni ọ̀mọ̀wé Philip Selznick tẹ ìwé kan jáde tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó rí ni pé àwọn tí àjọ náà pè ní ará ìsàlẹ̀ jẹ́ àwọn àgbẹ̀ ńlá àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti lágbára tẹ́lẹ̀. Àjọ náà gbà wọ́n wọlé kí wọ́n má baà ta kò ó, àwọn náà sì yí ètò rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti àwọn tálákà kò rí àga kankan. Nígbà tí àwòkọ́ṣe yìí fi dé Áfíríkà ní ọdún 1960 sókè, èrò dídára Lilienthal ni wọ́n gbé wá. Àkíyèsí Selznick kò bá a wọ ọkọ̀.

Ní 1971 ni wọ́n sé odò náà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣírò rẹ̀, adágún Kossou yóò gba ilẹ̀ tó tó 1,700 kìlómítà níbùú lóròó, èyí tó súnmọ́ ìdajì Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò sì lè pèsè 174 mẹ́gáwáàtì iná. Láàárín 75,000 sí 85,000 ni iye ènìyàn tí àwọn òpìtàn ń kọ pé ó kúrò lójú omi. Àwọn ti Akosombo tó nǹkan bí 80,000. Ti Kainji tó nǹkan bí 44,000. Kossou kò kéré rárá, bí ènìyàn bá wo bí Côte d'Ivoire ti kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nàìjíríà. Abúlé, oko iṣu, igi kọfí, igi kòkó, ojúbọ àti ibojì, gbogbo rẹ̀ ló wọ abẹ́ omi ní agbègbè Béoumi, Sakassou àti Tiébissou. Sakassou yìí ni ààfin àwọn ọba Baoulé wà.

Iṣẹ́ AVB ni láti kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ, kí ó sì fún wọn ní ìgbé ayé tuntun. Ta wá ni AVB? Ìjọba ló yan olórí rẹ̀, ìjọba ló sì ń fún un lówó. Abẹ́ olórí yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ wà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba Côte d'Ivoire rí lákòókò náà. Abẹ́ àwọn yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ láti abúlé dé abúlé láti ṣàlàyé wà. Àwọn ará abúlé ni ó kángun sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe.

Òdodo gbọ́dọ̀ di sísọ: AVB kì í ṣe àjọ òǹrorò. Nínú àwọn àjọ ìsédò ìgbà náà, òun wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí jù kí ó tó ṣí ènìyàn nípò. Ó rán àwọn ọ̀mọ̀wé lọ ka oko, ka ìdílé, ka ojúbọ. Ó pe àwọn olórí abúlé sí ìpàdé. Ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kó lọ nínú àwọn ibi tí ó ti yàn sílẹ̀, abúlé wo ni wọ́n fẹ́ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Àwọn ìbéèrè dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo wọn, ìyẹn ni pé ṣé kí a sé odò yìí ní ibí, kí omi rẹ̀ sì ga tó báyìí, Abidjan ni wọ́n ti dáhùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé Béoumi. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Ní Kossou, wọ́n pe olórí wá nígbà tí ó ku kí wọ́n fọ abẹ.

Àjọ náà kọ́ abúlé tuntun tí ilé wọn jẹ́ ti bíríkì àti páànù, tó tò lórí ìlà bí bárékè. Ó gbẹ́ kànga, ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó la ọ̀nà. Ó kó abúlé kéékèèké pọ̀ di ọ̀kan kí ó lè rọrùn láti fún wọn ní àwọn nǹkan wọ̀nyí. Níbi tí ilé wà kò sí ìjà púpọ̀. Ilẹ̀ ni ìjà wà. Ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ kì í ṣe ilẹ̀ àìlólúwa. Onílẹ̀ wà níbẹ̀, Baoulé bíi tiwọn, tí wọ́n ní ìtàn tiwọn àti baba ńlá tiwọn. Ìjọba lè kọ́ ilé fún àlejò, kò lè sọ àlejò di onílẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ti jẹ́ onílẹ̀ fún ìran mélòó kan di ẹni tó ń tọrọ ilẹ̀ ní ìtòsí ilé wọn àtijọ́. Àwọn onílẹ̀ tó gbà wọ́n náà kò sí nínú ìgbìmọ̀ AVB. Ẹgbẹ́ méjì ló yẹ kí ó jókòó ṣàdéhùn. Àjọ náà ló ń ṣojú àwọn méjèèjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn rán an níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ oko tún ju èyí lọ. AVB ṣètò oko ńlá alájùmọ̀ro, katakata ló ń kọ ọ́, òṣìṣẹ́ àjọ ló ń sọ ohun tí wọn yóò gbìn àti ọjọ́ tí wọn yóò gbìn ín. Èrò àjọ náà ni pé àgbẹ̀ yóò fi oko kéékèèké sílẹ̀ tó bá rí èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe iṣẹ́ oko àjọ bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ ọba, wọ́n sì ń lọ dá oko iṣu tiwọn níbòmíràn. Onímọ̀ ilẹ̀ ayé Véronique Lassailly-Jacob, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpasẹ̀ àwọn tí Kossou ṣí nípò, fi èyí hàn kedere nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún kan náà tí wọ́n dá AVB sílẹ̀ ni ìjọba dá èkejì rẹ̀, ARSO, sílẹ̀ sí San-Pédro, láti la igbó tó wà níbẹ̀. Wọ́n pète pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí Kossou lé ni yóò lọ máa gbé níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló bá ètò ìjọba lọ. Síbẹ̀, ní àkókò yẹn gan-an ni àwọn Baoulé ń wọ́ lọ sí igbó gúúsù ìwọ̀-oòrùn fúnra wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n ń bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra wọn, tí wọ́n ń gbin kòkó. Ibi tí wọn kò bá ìjọba lọ ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni wọ́n kọ̀. Ètò tí wọn kò lọ́wọ́ sí ni.

Adágún fúnra rẹ̀ mú ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn wá, tí ẹnikẹ́ni kò fi ìwé pè. Baoulé kì í ṣe apẹja omi ńlá. Àjọ náà gbìyànjú láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn ní iṣẹ́ ẹja, ṣùgbọ́n àwọn Bozo láti Mali, tí wọ́n ti ń pẹja nínú Odò Ọya láti ayébáyé, ni wọ́n wá gba iwájú lórí omi. Ẹja dé ọjà Bouaké, gbogbo ènìyàn jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ni adágún? Onílẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi ní òun ni. Apẹja tó mọ omi náà tọ̀sántòru ní òun ni. Ìjọba tó sé odò ní òun ni. Kò sí tábìlì kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó tì.

Ní 1980 ni gbogbo rẹ̀ dópin lójijì. Owó kòkó ti wálẹ̀ lágbàáyé, gbèsè ti gun orílẹ̀-èdè náà, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àjọ ńláńlá rẹ̀ ká. AVB àti ARSO wà lára wọn. Katakata dúró, òṣìṣẹ́ kó ẹrù wọn kúrò ní abúlé, oko alájùmọ̀ro sì di igbó. Ibí yìí ni àìní ọmọ ẹgbẹ́ ti fara hàn jù lọ. Àjọ tí àwọn ará àdúgbò jẹ́ ọmọ inú rẹ̀ lè pàdánù owó ìjọba kí ó ṣì kù sára ènìyàn. Wọn yóò ṣì máa pàdé, wọn yóò ṣì máa yanjú ìjà ilẹ̀ àti ẹja. AVB kò fi irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ́ ilé púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àṣẹ lọ, kò sí ohun tó rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dá sì dé lẹ́yìn náà. Ní ìparí 1983 wọ ọdún 1984, adágún Kossou fà débi pé ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ bó ti yẹ, iná sì ń lọ ní Abidjan, ìlú tí wọ́n torí rẹ̀ sé odò náà.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá ka èyí yóò ti máa rí ilé ara rẹ̀. Ìjọba ológun Yakubu Gowon dá àjọ odò méjì sílẹ̀ ní 1973, ti Sokoto-Rima àti ti Adágún Chad. Ní 1976, òfin kan sọ wọ́n di 11, lára wọn ni àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun tó wà ní Abẹ́òkúta. Ètò náà bọ́gbọ́n mu lórí ìwé: odò ló pààlà, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n Àbújá, tí ó jẹ́ Èkó nígbà náà, ló ń yan alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ láti òkè. Ní àkókò ìjọba Shehu Shagari, àwọn alátakò ń pariwo pé ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ti sọ àga àwọn àjọ wọ̀nyí di ẹ̀bùn fún àwọn tirẹ̀, àti ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ mìíràn ń ṣàkóso pàápàá. Nígbà tí Muhammadu Buhari gba ìjọba, ó sọ 11 di 18 ní 1984: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àfi Èkó tí wọ́n so mọ́ Ògùn. Pẹ̀lú ìwé kan péré, odò kò pààlà mọ́. Ní 1986 ni Ibrahim Babangida tún dá wọn padà sí 11. Odò kan náà ni gbogbo ìgbà yìí, omi rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti yí ọmọ ẹgbẹ́ padà.

Ohun tó burú jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Bakolori, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Zamfara lónìí. Wọ́n sé odò Sokoto, omi bo oko, wọ́n sì gba ilẹ̀ púpọ̀ sí i fún oko alomi, owó gbà-má-bínú kò sì dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Wọn kò ní aṣojú nínú àjọ náà tí wọ́n lè fi ẹjọ́ sùn, nítorí náà wọ́n dí ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980 ni ọlọ́pàá kọlù wọ́n. Iye òkú tí ìjọba kà àti iye tí àwọn ará abúlé kà kò súnmọ́ ara wọn rárá. Ní Bouaké, àwọn tí kò ní àga fi ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n lọ. Ní Bakolori wọ́n fi ara dí ojú ọ̀nà.

Ẹ̀rù irú ìtàn yìí ló fa ariwo tó gba ìlú lórí àbá òfin orísun omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2017, tó tún padà wá ní 2020 àti ní 2022. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn sọ pé ètò àti ìlànà ni. Àwọn alátakò, tí Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn, rí i bí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ tó fẹ́ gba odò àti etí rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè ní òótọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ odò Ògùn mọ̀ pé ó ní láti sí àjọ kan tó ń wo gbogbo odò náà, nítorí pé nígbàkigbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, ilé wọn ní Ìṣẹri àti agbègbè rẹ̀ ni ó ń wá. Ìkìlọ̀ máa ń dé bá wọn lọ́dọọdún. Ìwé ìpè sí ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu bí omi yóò ti jáde ni kì í dé.

Odò Ọya ni ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kò rọrùn, bí àwọn tó jókòó bá tilẹ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹwàá 1963 ni orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án pàdé ní Niamey, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó fi òpin sí ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe lórí odò náà ní Berlin ní 1885. Kọmíṣọ́ọ̀nù Odò Ọya tẹ̀lé e ní 1964. Ní Faranah, nílẹ̀ Guinea, ní 1980, ọdún kan náà tí AVB kú, wọ́n sọ ọ́ di àjọ tí a mọ̀ lónìí. Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire jọ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ìpín Côte d'Ivoire kéré jọjọ: àwọn odò kan ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ tó ń ṣàn lọ sí Mali. Ti Nàìjíríà ni ìsàlẹ̀ odò, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ènìyàn tó ń gbé agbègbè náà sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, lórí ìwé, ohùn kan ni oníkálukú ní. Algeria, tí ilẹ̀ gbígbẹ rẹ̀ kan wà nínú agbègbè odò, kò sí nínú ẹgbẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ti ṣe Akọ̀wé Àgbà àjọ náà, bíi Muhammad Bello Tuga àti Collins Ihekire, ṣùgbọ́n akọ̀wé kò lè pàṣẹ fún orílẹ̀-èdè tí kò san owó ẹgbẹ́ tàbí tó ń kọ́ ìsédò lókè odò.

Ó gbà wọ́n títí di 2008 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn omi, ní Niamey, tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá lórí odò kọ́kọ́ sọ fún àwọn yòókù. Ìgbà yẹn náà ni àwọn tó ń lo omi, àwọn àgbẹ̀, apẹja, darandaran àti awakọ̀ ojú omi, rí ìjókòó kékeré kan gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn olùlò. Ìjókòó kékeré sàn ju ìdúró lọ. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní oṣù keje 2023, tí Nàìjíríà gé iná tó ń fún Niger, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé iná yẹn àti omi tó ń bọ̀ láti òkè jọ so mọ́ra. Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní 2025. Wọn kò jáde kúrò nínú àjọ Odò Ọya; ẹnikẹ́ni kò lè kó odò jáde.

Lágbàáyé, ìgbà kan wà tí wọ́n gbìyànjú láti fi gbogbo àwọn tó ń jà jókòó sí àga kan náà. Kọmíṣọ́ọ̀nù Àgbáyé lórí Ìsédò, tí Kader Asmal, mínísítà omi South Africa nígbà náà, jẹ́ alága rẹ̀, ní ọmọ ẹgbẹ́ méjìlá. Lára wọn ni Medha Patkar wà, obìnrin ará Índíà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ko ìsédò odò Narmada; lára wọn náà ni olórí ilé-iṣẹ́ ABB tó ń ta ẹ̀rọ ìsédò wà. Ní oṣù kọkànlá 2000 ni wọ́n gbé ìròyìn wọn jáde ní London. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ẹni tí iṣẹ́ náà yóò fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sínú ewu gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń kéde. Ọ̀pọ̀ ìjọba tó ń kọ́ ìsédò kò gba ìròyìn náà tọwọ́tẹsẹ̀, a sì lè mọ ìdí.

Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ ṣe òfin omi ní oṣù kejìlá 1998, tó sọ omi di ohun ìní àjùmọ̀ní gbogbo orílẹ̀-èdè, tó sì fẹ́ kí wọ́n máa ṣètò rẹ̀ lágbègbè odò kọ̀ọ̀kan. Ogun kò jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án 2002 ni Bouaké ti di olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó gba ìdajì orílẹ̀-èdè, ó sì di 2007 kí àdéhùn Ouagadougou tó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó padà. Àdéhùn yẹn sọ̀rọ̀ ìdìbò, ìwé ìdánimọ̀ àti ìbọn. Kò sí ẹni tó ń rántí omi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, omi ránni létí. Adágún Loka, tó ń pèsè nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí Bouaké ń mu, gbẹ. Òjò ti kéré, àwọn tó ń wa yanrìn láìgbàṣẹ sì ti ba ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀ jẹ́. Ìlú tó ju 500,000 ènìyàn lọ tan ẹ̀rọ omi, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ìjọba fi ọkọ̀ táńkà gbé omi wá, àwọn obìnrin àti ọmọdé tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì láti òru mọ́jú. Àwọn awayanrìn wà nílé, àwọn àgbẹ̀ etí adágún wà nílé, ilé-iṣẹ́ tó ń ta omi wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mínísítà wà ní Abidjan. Ọdún 49 ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gbé àṣẹ odò wá sí ìlú yẹn, kò sì tíì sí yàrá kan ní Bouaké tí gbogbo wọn ti jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ kí adágún náà tó gbẹ.